Eré Sísá Inú Yàrá

Bí màmá mi bá ti ṣe àdúrà òwúrọ̀ tán ní Oǹdó, èmi ni yóò kọ́kọ́ pè lórí fóònù. Yóò bá mi lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń sáré, tí mò ń mí hẹlẹ bí ajá ọdẹ. Ọ̀rọ̀ wa kì í gùn. Yóò béèrè bí mo ṣe jí, èémí á máa já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí n ṣọ́ra fún mọ́tò o. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ lè ṣú kí ẹnikẹ́ni tó tún pè mí, àfi bí wọ́n bá ń wá fáìlì ní ọ́fíìsì. Ọkọ mi àtijọ́ wà ní Àbújá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà nílé ìwé, wọn kì í sì í rántí mi àfi bí nǹkan bá tán lọ́wọ́ wọn.

Mo ti lérí fún màmá mi pé lọ́jọ́ tí mo bá pé àádọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ mi ni n ó fi sáré láti Àkúrẹ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá orí mi pé. Kò pẹ́ tó fi ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ọjọ́ náà tó kò ni dókítà so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó tú u, ó tún un so. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní kí n máa lo oògùn, kí n dá eré dúró ná, ìrìn ni kí n máa rìn. Mo bínú sí i bí ẹni pé òun ló kó o ràn mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá mi. Inú balùwẹ̀ ni màmá mi ti bá a nílẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti fẹ́ gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn sétí. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ó ti dé ara ọmọ rẹ̀? Kì í ṣe èmi.

Mo gbìyànjú ìrìn náà. Kò ní láárí lójú mi rárá. Àwọn tí mo máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ń kọjá lára mi, wọ́n ń juwọ́. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, “Mọ́mì, ẹ gùn ún, ó ti rẹ̀ yín.” Mọ́mì! Nígbà tí mo ń sáré, ta ló dán an wò? Mo ṣẹ́rí padà sílé, mi ò sì jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀ pé mi ò jáde. Bó ṣe ń dún ni mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, mò ń gbé orúnkún, títí mo fi ń mí hẹlẹ. Ìgbà náà ni mo tó gbé e.

“O ti wà lọ́nà?”

“Mo ti… wà lọ́nà, mà.”

Bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Dókítà ní kí n má sáré lójú ọ̀nà, kò sọ ti inú yàrá. Bó bá ti pa fóònù, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà eré lẹ́sẹ̀, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, á sì máa ṣe mí bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà láyé. Mo sunkún níbẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó yá, oògùn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Dókítà gbà kí n máa sáré láti òpó iná kan dé èkejì, kí n rin èyí tó tẹ̀ lé e. Mo wá dín ìlérí mi kù: bí mi ò bá lè sáré láti Àkúrẹ́, mo lè sáré láti ẹnu ìlú Oǹdó dé ọ̀dọ̀ màmá mi. Ta ni yóò mọ̀?

Lọ́jọ́ tí mo pé àádọ́ta ọdún, mo wọ ṣòkòtò eré jókòó sínú mọ́tò láàárín àwọn tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí a dé ẹnu ìlú, mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀. Ó ní kò sílé níbí o, mà. Mo ní mo mọ̀. Mo sáré dé òpó kan, mo rìn dé èkejì, mo pa òfin dókítà mọ́ títí mo fi rí màmá mi lókèèrè, tó jókòó sórí àga níta. Ojú tì mí láti rìn lọ bá a. Mo sáré dé iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

Kò pàtẹ́wọ́. Ó ti ní kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá má wá. Ó bu omi fún mi, ó ní, “Mọ́tò yín tètè dé.”

Mo gbé omi náà sẹ́nu.

“Tẹ́lẹ̀, bí o bá ń sáré, mo máa ń gbọ́ àwọn tó ń kí ọ ní títì. Mo máa ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà. Láti bí oṣù mélòó kan, ìwọ nìkan ni mò ń gbọ́. Kí ló ń ṣe ọ́?”

Mo dárúkọ àìsàn náà. Mo rò pé yóò figbe ta. Kò ta á. Ó di apá àga mú, ó ń wo títì.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ nínú ilé yẹn?”

“Kò sí ẹnì kankan, mà.”

“Bí o bá ṣubú ńkọ́?”

Ó dìde, ó wọlé, mo sì rò pé oúnjẹ ló lọ gbé. Báàgì ló wọ́ jáde, èyí tó máa ń gbé lọ sí àpéjọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti kún fún aṣọ, ó sì ti fi okùn dì í yíká nítorí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n tètè jẹun, ká lè rí mọ́tò Àkúrẹ́ wọ̀.