Sẹ́lẹ́rì Tó Jẹ́ Kí N Sá fún Ọmọ Ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí ìyàwó mi tó bá mi sọ ọ́: èmi àgbà yìí, tí ewú ti gba orí mi, ni mo fún omi ewé sẹ́lẹ́rì, mo fi pa apá méjèèjì bí ìpara, mo sì dúró sínú oòrùn ọ̀sán. Kí ló fà á? Ẹ̀fọn ni. Mo rò ó pé ohun tó ń rùn sí èmi, báwo ni kò ṣe ní í rùn sí ẹ̀fọn? Ìwé mẹ́fà ni mo kà; ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Makepe, nílùú Douala, ni mo gbin sẹ́lẹ́rì náà sí, nínú táyà àlòkù tí mo kó wá láti ìsọ̀ mi ní Deïdo. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku. Wọn kì í rì í mọ́lẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n ọn sí, kí ilẹ̀ sì máa tutù nígbà gbogbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi hù. Ìyàwó mi ń bi mí bóyá eruku gan-an ni wọ́n tà fún mi. Ó di oṣù kẹrin kó tó tó ohun tí à ń gé.

Sátidé tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gé e ni wọ́n pè mí pé Fólúkẹ́ ti bí ọmọkùnrin. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó ti kú ni Fólúkẹ́. Douala ni wọ́n bí i sí. Faransé ló mọ̀ dáadáa, Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀. Serge, ọmọ ẹ̀yà Bassa níbẹ̀, ló fẹ́. Kí n má purọ́, nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, mo fajú ro díẹ̀, Fólúkẹ́ kò sì gbàgbé.

Inú mi dùn débi pé mo ní kí n gé sẹ́lẹ́rì tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ ẹja fún ìyá ọmọ. Aago méjìlá ọ̀sán, apá gbangba, mò ń gé àwọn ti ẹ̀gbẹ́, mò ń fi àárín sílẹ̀ kó lè tún yọ. Ẹ̀fọn ń jẹ mí. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìpara ti wá sí mi lórí.

Lọ́jọ́ kejì, apá mi pọ́n. Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, ó ti lé ròrò, omi kún inú rẹ̀.

Mọnkí-pọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sọ lórí rédíò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni mo ní ẹ̀tẹ̀ ni. Mo ti ń rí ara mi nínú yàrá kan tí wọ́n tì mí mọ́, tí wọ́n ń ti oúnjẹ sí mi lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní màá lọ. Ta ló fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti máa dá a dúró? Koóti ni mo wọ̀. Koóti, ní Douala, nínú ẹ̀ẹ̀rùn!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́ lọ kí ìyá ọmọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà. Fólúkẹ́ na ọmọ sí mi. Mo fà sẹ́yìn, mo ní ikọ́ ń ṣe mí, mo sì wú u bí ajá tí eegun há lọ́fun.

Fólúkẹ́ fa ọmọ padà mọ́ra. "Tonton, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ ò fẹ́ gbé e? Parce que... torí pé bàbá ẹ̀ jẹ́ Bassa?"

Tí mo bá sọ pé àìsàn ni, wọn yóò sá fún mi. Tí mo bá dákẹ́, ó di pé mo gbà. Ikọ́ ni mo tún wú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, mo sì yọ́ jáde bí olè.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni ìkómọ. Èmi ló yẹ kí n gba ọmọ náà, nígbà tí bàbá ìyá rẹ̀ kò sí láyé. Ìyá Serge, tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà ní àbàtà Ndogbong, ló gbé ọmọ dání. Àlùfáà pè mí. Mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Fólúkẹ́ ń wo ilẹ̀.

Ìyá Serge kò wo ẹnu mi. Apá mi ló ń wò, torí omi inú ròrò náà ti gba inú koóti jáde. Ó fi ọwọ́ kan fa apá koóti náà sókè. Àwọn tó wà nítòsí sún sẹ́yìn. Òun sún mọ́ mi, ó bi mí ní Faransé bóyá mo gé sẹ́lẹ́rì nínú oòrùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi pa ara. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbìn ín, òun kò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ di ìpara. Bí omi rẹ̀ bá kan ara, tí oòrùn sì bá a níbẹ̀, jíjó ló ń jó èèyàn. Kì í ràn. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń gé e, nínú ẹ̀wù alápá gígùn, wọn a sì fi ọṣẹ fọwọ́. Nọ́ọ̀sì tí mo padà lọ rí sọ ohun kan náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rù téèyàn bá bò mọ́ inú aṣọ, ẹlòmíràn ni yóò bá a túmọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ náà kì í sì í dára. Ká ní mo ti fi apá han Fólúkẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, kì bá tí sunkún. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fọwọ́ ara yín gbìn tó padà dẹ́rù bà yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, kí n má nìkan gọ̀.

Àní lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, lẹ́yìn gbogbo àlàyé ìyá Serge, mo ṣì ń fà sẹ́yìn láti gbé ọmọ náà. Ìyá Serge bá yí apá tó fi gbé ọmọ hàn mí. Àpá dúdú dúdú tí omi sẹ́lẹ́rì jó sí i ló kún un láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Apá yìí ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ gbà á jàre, tonton, ọmọ yín ti wúwo lọ́wọ́ mi."