Pádì Tí Mo Fi Pamọ́ Sáàárín Aṣọ

Páànù ni ó gé mi lọ́wọ́. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ń rọ̀ ní Abobo nílùú Abidjan, afẹ́fẹ́ ṣí páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún sókè pé kí n dì í mú. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ náà kò bà mí lẹ́rù tó ohun tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rán egbò náà, ó san, àwọn ìka yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀lá mi dúró gbọnrangandan. Dókítà ní àwọn ti so iṣan rẹ̀ padà, kí a ṣì máa wò ó. Èmi mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún télọ̀ tí kò bá lè fi ìka yẹn di abẹ́rẹ́ mú.

Obìnrin kan nílé ìwòsàn ni ó ń bá mi na ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kiné ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ó ti fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré pé kí n máa fún un mọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó gba bọ́ọ̀lù náà, ó ní mò ń tan ara mi jẹ, pé àwọn ìka yòókù ni wọ́n ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó béèrè bóyá a ní kọ̀ǹpútà nílé. Mo ní ìyàwó mi ní ọ̀kan tí ó fi ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn. Ó ní kí n lọ ra pádì tí wọ́n fi ń gbá géèmù, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní manette. Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún tí wọ́n ń fà bí ẹni fẹ́ yìnbọn, ìka ìfábẹ̀lá ni ó sì wà fún. Kí n yan èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ rọ̀, tí ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó kọ àdírẹ́sì ojú ìwé kan fún mi tí màá ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ṣe fa bọ́tìnì náà tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà kan yóò máa gòkè níbẹ̀, láti òdo títí dé ọ̀kan.

Ó rọra sọ ọ́ ní Faransé kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. "Bọ́ọ̀lù lè purọ́ fún yín," ó ní. "Nọ́ńbà yẹn kò ní purọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó kó mi láyà sókè. Láti ibùdókọ̀ Abobo Gare títí mo fi dé Treichville, mò ń gbàdúrà pé kí n má rí pádì kankan rà.

Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní ìsọ̀ ẹ̀rọ nínú ọjà ńlá Treichville. Ó béèrè bóyá àwọn ọmọ ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò tíì bímọ. Ó kó mẹ́ta síwájú mi. Ọ̀kan kò ní wáyà, ó tóbi, iná oríṣiríṣi ń tàn lára rẹ̀. Ọ̀kan wúwo, bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ẹ̀kẹta kéré, ó sì ní wáyà gígùn. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé wọn wò, ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò sòkòtò. Ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí n lè mọ̀ bóyá ó bá mi mu. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún un sọ. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, mo yọ ọwọ́ náà. Ó rí àpá, ó rí ìka tí ó nà lórí pádì bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Ó gba èyí tó tóbi, ó fi kékeré rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìka mi lé bọ́tìnì.

"Ìka yín máa dé ibẹ̀ nínú eléyìí," ó ní.

Ó yẹ kí n fà á wò níbẹ̀. Mi ò fà á. Mi ò fẹ́ kí ó rí i bí kò bá mira.

Ìyàwó mi kò sí nílé nígbà tí mo dé. Mo ti ẹnu wáyà bọ ara kọ̀ǹpútà, ó dún, iná kékeré kan tàn lórí pádì. Mo ṣí ojú ìwé náà, àwòrán pádì sì yọ. Mo fi àtàǹpàkò òsì yí ọ̀pá kékeré orí rẹ̀, ti inú àwòrán bá a yí. Mo tẹ àwọn bọ́tìnì iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tàn. Ó wá ku ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Mo gbé ìka lé e, mo di eyín, mo fà. Òdo. Mo fà títí apá mi fi ń gbọ̀n. Òdo.

Mo tú wáyà, mo sì ki pádì náà sáàárín òkìtì aṣọ oníbàárà tí mo kó wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyàwó mi béèrè, mo ní kọ̀ǹpútà kò gbà á. Ó ní kí n dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Mo ní màá lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn. Láràárọ̀, kí n tó lajú, mo máa ń sọ fún ìka náà pé kó ká, n kò sì ní wò ó. Mi ò lọ sọ́dọ̀ kiné. Ìyá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó béèrè ọwọ́, mo ní ó ti ń san, mo sì yára gbé fóònù fún ìyàwó mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyàwó mi ń to àwọn aṣọ náà, ó bá pádì níbẹ̀. Kò bá mi jà. Ó lọ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí ojú ìwé tí ó wà nínú bébà kiné, ó sì ní kí n wá fà á kí òun rí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Mo sọ fún un pé pádì kò ṣe nǹkan kan, ìka mi ni ó ti kú. N kò tíì sọ ọ́ síta rí.

Ó gbé pádì náà sọ́wọ́. Abidjan ni wọ́n bí i sí, Faransé kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. "Bọ́tìnì ẹ̀yìn ti òsì ńkọ́?" ó ní. "Est-ce que ẹ fa ti òsì?"

Mi ò fà á. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n rò ó. Ó fi ìka ara rẹ̀ fa ti òsì. Òdo. Ó fa ti ọ̀tún. Òdo. Mo wọlé, mo jókòó sórí ibùsùn. Ó yí pádì náà padà, ó rí bọ́tìnì tín-ín-rín kan lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ D àti X sí lára. Ó ka bébà inú páálí, ó ní D ni wọ́n fi í sí, pé ojú ìwé náà kò lè rí àwọn bọ́tìnì ẹ̀yìn bí kò bá sí lórí X. Ó tì í sí X. Kọ̀ǹpútà tún dún. Ó fà á, nọ́ńbà sáré dé ọ̀kan.

Ó wá na pádì sí mi. Ẹ̀rù tí ó bà mí nígbà náà ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí ohun tí màá dá lẹ́bi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jẹ́ kó di ọ̀la. Ó ní rárá. Mo di ojú mi, mo fà.

"Zéro," ó ní.

Mo tún fà.

"Zéro." Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Zéro virgule zéro quatre."

Mo rò pé ó ń tù mí nínú ni. Mo lajú, mo rí nọ́ńbà náà fúnra mi, 0.04, ó ń gbọ̀n bí ìka mi ti ń gbọ̀n.

Mo padà sọ́dọ̀ kiné lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, ọ̀sọ̀ọ̀sán ni mò ń fa bọ́tìnì náà, tí ìyàwó mi ń ka nọ́ńbà fún mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí yóò lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ti kọjá ìdajì, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mò ń rán. Jíìnsì àti àwọn tó nípọn, télọ̀ kan tí ó wà ní òdìkejì títì ni mò ń gbé wọn fún. Mo bi kiné léèrè bóyá ìka náà yóò dé ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Ó ní òun kò mọ̀.