Ta Ló Pa Eré Ìfẹ́ Náà Rẹ́?

Mo fẹ́ fi ẹjọ́ àwọn òyìnbó sun gbogbo ayé. Wọ́n sọ ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ kan di eré tẹlifíṣọ̀n, a wò ó títí dé Oǹdó, lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á rẹ́ kí wọ́n lè fi téèpù náà gba nǹkan mìíràn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò kù. Ọjọ́ tí mo ka ìròyìn yìí nílé mi ní Ijapo, l'Ákùúrẹ́, mo kọ lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta láti fi bá wọn wí.

Nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Ákùúrẹ́ ni ó wà nígbà tí apá ìkẹyìn eré náà jáde. Èmi tí mo wà nílé l'Óǹdó bá a gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, mo sì kán ike kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e. Kí ó tó gba ọlidé, kásẹ́ẹ̀tì ti di àwátì. Láti ìgbà náà, orin kan ni ó ń kọ: "Mo ti ka ìwé rẹ̀. Ojú ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ rí, nígbà tó bá ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀."

Lóṣù tó kọjá ó pè mí láti Oǹdó.

"Tíṣà, mo rí kásẹ́ẹ̀tì kan nísàlẹ̀ àpótí Bàbá. Ìwọ lo kọ ọ́ sára rẹ̀: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN."

Mo gbé ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ mi lọ fún atúnrédíòṣe ní Arakale, ó tún un ṣe, mo sì forí lé Oǹdó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ kásẹ́ẹ̀tì náà wò, ẹnìkan ti fi sẹ́lótéèpù dí ibi tí mo kán. Ọgbọ́n àwọn tó fẹ́ gba nǹkan léra nìyẹn.

"Ọ̀daràn wo ló ṣe èyí? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká tú àṣírí rẹ̀ fó!"

"Rọra o, Tíṣà. Tẹ̀ ẹ́ ná."

Ọkùnrin òyìnbó náà jáde, ó ṣí fìlà, ó la ẹnu. Àwòrán bá fò. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù rẹ̀ kan orúnkún, ó ń dúpẹ́ pé òun yege ìdánwò oníwèé mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Òyìnbó yìí mà dúdú o!"

Èmi ni. Ìgbà náà ni mo tó rántí. Ayàwòrán tó wá gba ìdúpẹ́ mi sílẹ̀ ló ní kí n mú kásẹ́ẹ̀tì wá; kò sí òmíràn nílé. Èmi ni mo lẹ sẹ́lótéèpù, èmi náà ni mo fi í pamọ́.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́tà yẹn dà? Fi orúkọ rẹ síwájú tiwọn."

Mo fi í síwájú. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó dáadáa, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó yá, ìwọ tí o wò ó. Báwo ló ṣe bẹ̀ ẹ́?"

Mo dìde, mo ṣí fìlà mi, mo sì ṣe é bí mo ti rántí. Ó ní ti òyìnbó á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n tún un ṣe.