Ànàmọ́ Whaea Kararaina ní Ilẹ̀ Òtútù

Àwọn tó bí wa kò wá sí ìsàlẹ̀ gúúsù yìí nítorí pé wọ́n fẹ́ràn òtútù. Ilé-iṣẹ́ ìpẹran ló fà wọ́n wá. Nígbà tí àwọn bàbá wa wà ní géńdé, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní abúlé wa lókè lọ́hùn-ún, létí òkun tí oòrùn ti ń yọ. Wọ́n gbọ́ pé níbi tí ilẹ̀ parí sí, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọ̀bẹ mú. Wọ́n di ẹrù, wọ́n ní ọdún kan sí méjì làwọn máa lò. Títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé, wọn ò padà.

Kararaina Tuhoro wà lára àwọn tó wá. Ọmọ abúlé Ohinekura ni. Ọkọ rẹ̀, Erueti, ló tẹ̀lé wá. Ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó fẹ́ra, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú wa gbà á láti máa kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Erueti kú sí. Àwọn ẹbí gbéra láti òkè wá, wọ́n fẹ́ gbé òkú ọmọ wọn lọ sílé bí a ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n Erueti ti sọ ọ́ kó tó kú pé: "Ẹ sin mí síbi tí àwọn ọmọ mi á ti lè ro koríko orí sàréè mi." Ìyàwó rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ẹbí sì fi ìbínú padà. Láti ọjọ́ náà ni Kararaina ti dà bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀: ojú rẹ̀ wà lókè, okùn ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Whaea là ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo olùkọ́ obìnrin wa, bí ẹni ń pe àǹtí ẹni. Èmi àti Tiahuia, ọ̀rẹ́ mi, la jọ wà ní kíláàsì rẹ̀. Tiahuia kì í sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà rẹ̀, Koro Tamihana, ló tọ́ ọ dàgbà. Bí wọ́n bá bi ọmọ náà ní ìbéèrè ní kíláàsì, á tẹjú mọ́ tábìlì títí olùkọ́ á fi bi ẹlòmíràn.

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé ti ìpàdé kan dé. Ó pe àwọn olùkọ́ jọ, ó ní ọmọ Maori, ẹ̀yà tiwa, ń já bọ́ kúrò nílé-ìwé bí ewé. Ó ní kí wọ́n wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà á fi rí ara wọn àti ilé wọn nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Whaea ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà. Ọ̀gbẹ́ni Galbraith, olùkọ́ ìṣirò, fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìṣirò ni mo ń kọ́ni. Èjì àti èjì, ẹ̀yà wo ni wọ́n?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Whaea náà rẹ́rìn-ín, ó bu tíì rẹ̀ mu. Ó ní òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun náà kò mọ ohun tí òun máa ṣe. Òun tó jẹ́ ọmọ Maori, orí àlìkámà nínú ìwé ni òun ti ń kọ́ wa bí irúgbìn ṣe ń hù, a sì ń sùn.

Àárín ẹ̀kọ́ àlìkámà yìí náà ni Tiahuia, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, la ẹnu.

"Whaea, kí lẹ máa ń gbìn nílé yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?"

Whaea gbé ẹfun sílẹ̀. "Ànàmọ́ ni," ó ní. "Kumara. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè."

Kò tún wo ìwé mọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ànàmọ́ sórí iyanrìn kí ó lè ta ọ̀mùnú, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọ ojú ọ̀mùnú sí ìhà ìlà-oòrùn nígbà tó bá ń gbìn ín, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń jí èyí tó bá jinná jẹ nínú ààrò ilẹ̀ kí àwọn àgbà tó gbàdúrà tán. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára wa. Ojú fèrèsé ló kọjú sí. Agogo lù, a ò dìde.

"Ṣé á hù níbí?" Tiahuia tún bi í.

"Gbogbo ayé ló ní kò lè hù."

"Ẹ ti gbìn ín rí?"

Whaea wò ó títí. "Rárá o," ó ní.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ibí kì í ṣe tiwa, àlejò ni wá. Whaea kó wa lọ kí àwọn onílẹ̀, Maori bíi tiwa, ní marae, gbàgede ìpàdé wọn, ó sọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Ìyá arúgbó kan níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Ẹ̀yin ará òkè! Ẹ fi oòrùn sílẹ̀ nílé, ẹ wá ń wá a níbí? Ẹ gbìn ín. Tó bá hù, ẹ fún mi níbẹ̀. Tí kò bá hù, ẹ wá jẹ ẹyẹ òkun oníyọ̀ tiwa, ẹnu yín ò ní dilẹ̀."

Lẹ́yìn náà, Whaea fóònù Àǹtí Heni, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ṣẹ́kù ní Ohinekura. Ó jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá náà ní kíláàsì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi irúgbìn ránṣẹ́."

"Ibo lo fẹ́ gbìn ín sí, inú ẹ̀rọ amóhuntutù?"

A bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń rín mi? Ṣé àwọn ọmọ ni? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi bi olùkọ́ yín, ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé?"

"Ọdún tó ń bọ̀, Àǹtí."

"Ọdún tó ń bọ̀ yẹn, ó ti ń bọ̀ látìgbà tí eyín mi ti pé. Ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ ti ká tán, kò tíì dé."

Whaea rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, àmọ́ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó kọ́kọ́ tún àwọn ìwé orí tábìlì tò kó tó yíjú sí wa.

Irúgbìn dé nínú páálí, Àǹtí Heni fi ewé gbígbẹ wé e. A tẹ́ ẹ sórí iyanrìn nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, ó ta ọ̀mùnú. Àwọn òbí wa tí kì í yà sílé-ìwé àfi tí wọ́n bá ránṣẹ́ ẹjọ́ pè wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Koro Tamihana gbé ọkọ́ rẹ̀ dé, ó gbàdúrà sí ilẹ̀, ó kọ ebè. A gbìn ín nígbà tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí Kérésìmesì, ìgbà ooru ibí, tó dé, a bá gbogbo ewé rẹ̀ ní dúdú. Ìrì dídì ti jó o.

Ọmọ kan fi ẹsẹ̀ gbá ebè. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan tiwa níbí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí."

Whaea kò bá a wí. Ó kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ki òṣùwọ̀n ooru bọ inú rẹ̀. "Ilẹ̀ ló tutù," ó ní. "Kí la lè ṣe tí ilẹ̀ á fi gbóná? Ẹ bá mi rò ó."

Tiahuia ní: "Òkúta dúdú etí odò máa ń jó mi lẹ́sẹ̀ nígbà oòrùn. Tí oòrùn bá wọ̀ pàápàá, ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́."

Whaea dìde. Ó di ọmọ náà mú léjìká. "Ìyá ìyá mi máa ń gbé e ní apẹ̀rẹ̀ lọ sóko," ó ní. "Mo ti gbàgbé. Mo ti gbàgbé o!"

A kó òkúta kéékèèké láti etí odò, a tẹ́ ẹ sórí ebè, a sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìfi òkúta sí, kí a lè fi wéra. A gbin ọ̀mùnú tó ṣẹ́kù nínú yàrá sáyẹ́ǹsì sí àwọn ebè náà, a ń fi àpò bò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ebè olókùúta gbóná ju èkejì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Galbraith rí wa tí a ń kọ iye ooru sílẹ̀, tí a sì ń fi ya àwòrán ìlà, ó dúró lórí wa.

"Báyìí kọ́ lẹ ṣe ń ya àwòrán rẹ̀," ó ní, ó sì jókòó sórí koríko, ó fi bí wọ́n ṣe ń yà á hàn wá. Láti ìgbà náà ló ti máa ń wá.

Ewé ti bo ebè nígbà tí ìròyìn dé pé Àǹtí Heni ti sùn. Wọ́n sọ ọ́ fún Whaea ní kíláàsì. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó sọ fún wa nígbà tó dé ni pé wọ́n tẹ́ òkú sínú ilé àwọn baba ńlá, ó sì jókòó tì í títí wọ́n fi sin ín. Kò gbàgbé bí ẹ̀fọ́ òkun ṣe ń rùn níbẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ti bínú nítorí òkú Erueti fi imú kan imú rẹ̀ bí a ṣe ń kíra, wọ́n sunkún. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé: "Ṣé o ti dé báyìí, àbí o kàn yà?" Ilé ìyá rẹ̀ ṣófo, kọ́kọ́rọ́ wà lára ìlẹ̀kùn.

"Whaea, a rò pé ẹ ò ní padà mọ́," mo ní.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ti ṣílẹ̀kùn ilé náà, mo ti gbálẹ̀. Mo wá ń rò ó, ta ló ń bá Erueti ro koríko?"

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, a wú ànàmọ́. Kéékèèké ni, bí àtàǹpàkò. Èyí tó tó ẹ̀ṣẹ́ kò pọ̀. Inú ebè olókùúta ni gbogbo èyí tó níláárí ti jáde. A gbé èyí tó tóbi jù fún ìyá arúgbó onílẹ̀, ó fi ẹyẹ oníyọ̀ dá wa lóhùn. A gbẹ́ ààrò sẹ́yìn ilé-ìwé, a se ànàmọ́ yòókù sínú rẹ̀. Koro Tamihana mú ọ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jẹ ẹ́.

"Kò dùn tó tilé," ó ní. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún na ọwọ́.

Whaea kò jẹun. Ó kàn di ànàmọ́ gbígbóná mú lọ́wọ́, ó ń gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì, títí Tiahuia fi ní: "Whaea, ó ti tutù o."

Gbogbo wa kọ́ ló yege lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ẹnì kankan nínú kíláàsì yẹn kò sá kúrò nílé-ìwé. Tiahuia di ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí Whaea fẹ̀yìn tì, ó lọ sí Ohinekura, ó lò tó ọdún kan nínú ilé ìyá rẹ̀. Gbogbo wa rò pé ó ti dé ilé. Ó tún padà wá.

Mo lọ kí i ní oṣù tó kọjá. Ó ń bó ànàmọ́ òyìnbó létí fèrèsé.

"Nígbà tí mo wà lókè," ó ní, "òtútù ibí ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ìwọ rò ó wò! Òtútù yìí!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún wo òde, èmi náà bá a mú ọ̀bẹ kan, a jọ ń bó o lọ.