Iyọ̀ Tí Kò Ní Omi Nínú

Ọdún méjìlélógún ni Bàbá Òṣùwọ̀n fi ń wọn èròjà ní yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn ní ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó bá kú, àfi kí wọ́n wọn òun àti pósí kó tó gbà láti wọlẹ̀. Kò kàwé jìnnà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré kan fún un, ohun tí ìwé náà bá sì ti wí, abẹ gé e.

Lọ́jọ́ Ajé kan, iyọ̀ kálísíọ́mù tó fi ń po oògùn tán, wọ́n gbé ìgò tuntun wá. Orúkọ kan náà ló wà lára rẹ̀. Ó wọn iye gíráàmù tí ìwé wí, kò lé, kò dín, ó sì po ìgò oògùn mẹ́rin fún àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fa ọ̀kan sí iṣan kápẹ́ńtà kan. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí ọkùnrin náà má mu omi, ṣùgbọ́n ó bẹ ìyàwó rẹ̀ títí, àánú ṣe é, ó fún un ní ìdajì ife. Kò pẹ́ tí ọkàn ọkùnrin náà fi dúró. Ẹbí ọkọ kò wádìí kankan: ìyàwó ló fi omi pa á.

Ní Ọjọ́rú, ọmọbìnrin Bàbá Òṣùwọ̀n ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé kẹ́mísírì. Bàbá rẹ̀ ti bá a kọ nọ́ńbà ìwọ̀n móòlù tó wà lára ìgò tuntun wálé: mọ́kànléláàádọ́fà. Ọmọ náà wo ìgò àtijọ́ iyọ̀ náà, tí bàbá rẹ̀ fún un, tó fi ń kó báírò sí.

"Bàbá, igba ó lé mọ́kàndínlógún ló wà níbí."

"Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í."

"Rárá o. Èyí ní omi nínú. Ẹyọ iyọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ omi mẹ́fà tó so mọ́ ọn, ojú ò lè rí i. Tuntun yẹn ò ní. Tíṣà wa ní móòlù dà bíi dọ́sìnnì, iye ni, kì í ṣe ìwọ̀n. Àwọn ẹyọ náà ti kéré jù fún kíkà, la ṣe ń wọ̀n wọ́n ká lè mọ iye wọn. Bí ẹ bá wọn méjèèjì dọ́gba, iyọ̀ inú tuntun á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì."

Bàbá Òṣùwọ̀n rántí kápẹ́ńtà tó kú lánàá. Ó sáré padà síbi iṣẹ́, ó gba ìgò mẹ́ta tó kù, ó dà wọ́n nù, ó sì lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá," ni ọ̀gá wí. "Wọ́n ti sin ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọdún mẹ́ta péré ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì?"

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fúnra wa, ẹ̀rù bà á. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń wọn èròjà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ẹbí kápẹ́ńtà náà ti ní kí opó rẹ̀ kó jáde nílé kílẹ̀ tó ṣú, kó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ló bá bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó gba ilé wọn lọ.

Obìnrin náà ń ká aṣọ àwọn ọmọ. Bàbá Òṣùwọ̀n sọ tẹnu rẹ̀, obìnrin náà kàn ń mi orí.

"Àánú mi ló ń ṣe yín, sà. Omi tí mo fún un ni."

"Ẹ gbọ́. Ká ní kílò ẹ̀pà kan tó wà nínú èèpo ni mo máa ń rà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wọn kílò kan tí wọ́n ti ṣẹ́ fún mi. Ṣé iye ẹ̀pà á dọ́gba?"

"Rárá. Èyí tí wọ́n ti ṣẹ́ á pọ̀ jù."

"Ohun tí mo po fún wọn láti fà sí ọkọ yín lára nìyẹn. Iyọ̀ tó pọ̀ jù ló dá ọkàn rẹ̀ dúró, omi kọ́ ló pa á. Èmi ni."

"Ẹ ṣé," ló bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó sì fọwọ́ bo ẹnu kíá. Lẹ́yìn náà ló dìde, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà ní pálọ̀. Ẹ wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má fo ọ̀kankan. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ má jẹ́ kí n tún fojú kàn yín mọ́ láyé."

"Mo gbọ́, ìyá," ni Bàbá Òṣùwọ̀n wí. Ó sì tẹ̀lé e wọ pálọ̀.