Ọjọ́ Èèwọ̀ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Ìjókòó ni iṣẹ́ mi. Láàárọ̀, àwọn yòókù nílé iṣẹ́ wa ní Kétu á gun alùpùpù wọn, wọ́n á gba ọ̀nà Idigny tàbí ti Kpankou lọ, wọ́n á sì padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku pupa lára. Èmi kì í lọ síbì kankan. Kọ̀ǹpútà ni mò ń wò.

Pọ́ǹpù omi ni a ń tún ṣe, àti àwọn àgbá omi ńlá tó dúró lórí òpó kọnkéré, tí gbogbo èèyàn níbí ń pè ní ṣàtó. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní abúlé kan, ẹni tó ń ṣọ́ omi níbẹ̀ á pè mí. Èmi á kọ ọ́ sínú ètò ìpínṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà: ohun tó bàjẹ́, ibi tó wà, irinṣẹ́ tó gbà, àti ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ ní. Ètò náà á wo gbogbo òṣìṣẹ́, á wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dí, á wo irinṣẹ́ tó wà nílé àtèyí tó ti jáde, á sì gbé orúkọ kan wá. Bí mo bá ti tẹ "gbà á," fóònù ẹni náà á dún níbi yòówù kó wà.

Ṣùgbọ́n ètò náà kò mọ ilẹ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan ni àwọn tó ṣe é mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọjà tó bá ná lónìí, ọ̀rún ni yóò tún ná, pé bí ọjà bá sì ti ná, kò sẹ́ni tó máa dúró ti òṣìṣẹ́ nídìí pọ́ǹpù. Wọn ò mọ̀ pé àwọn abúlé kan ní ọjọ́ tí irin kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ wọn, tí wọn kì í kọ ebè, tí wọn kì í gbẹ́ ihò, tí ẹnikẹ́ni kì í fi òòlù lu nǹkan. Èmi ni mo pe àwọn àgbà abúlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo bi wọ́n léèrè, tí mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá fi àpótí kékeré kan kún ojú ìwé abúlé kọ̀ọ̀kan nítorí mi: ọjọ́ èèwọ̀. Bí mo bá fi àmì sí i, ètò náà kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹlòmíràn nílé iṣẹ́ wa tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá wa, ọmọ etíkun tí kò gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè wa nígbà tó kọ́kọ́ dé, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baba, ẹ má tíì kú o. Bí ẹ bá kú, a ti gbé nìyẹn."

Mo kàwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mi ò sì kọjá ibẹ̀. Ohun tí mo mú jáde ni pé kí n máa ka gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rán ẹni tí kò mọ iná lọ sídìí iná, mi ò sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dé oko tán kó tó mọ̀ pé sípánà tó mú wá kò bá nọ́ọ̀tì mu. Mo fi èyí yangàn.

Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí. Èmi ni mò ń di irun rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, àwọn olùkọ́ rẹ̀ obìnrin á sì máa tú u, wọ́n á tún un dì. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bó bá sùn, bóyá ara rẹ̀ gbóná. Bó bá ń lọ sí odò, mo ń tẹ̀ lé e. Bó bá rí mi, màá ṣe bí ẹni tó ń wá ewé. Ó kọ́ iṣẹ́ iná, ó gba ìwé ẹ̀rí, inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ iná tiwa, orí ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ òkè: bí a ṣe ń de bẹ́líìtì mọ́ra, tí a ń fi okùn méjì gun ṣàtó. Ó gbé ìwé ẹ̀rí náà wá sórí tábìlì mi.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà o. Abẹ́ iṣẹ́ òkè."

"Màá kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ lójú mi."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Mo fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo ní ẹ̀rùn ni a wà, iṣẹ́ ti pọ̀ jù, kí òjò dé ná. Òjò dé, ó sì lọ. Mo ń ṣí dúrọ́ọ̀ náà láti mú bírò, mo ń rí ìwé náà, mo sì ń tì í padà. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ iṣẹ́ òkè, ètò náà kò gbé e wá rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé wá, àgbà òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tó ti ń gun ṣàtó kí wọ́n tó bí ọmọ mi.

"Ọ̀rẹ́," á ní, "ṣé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá ìyẹ́ fún ní Kétu yìí ni?"

Èmi á rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé èmi ni mo fi ìyẹ́ ọ̀hún sí i lára.

Ní ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, omi kò dé ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Idigny. Ètò náà rán ọmọ mi lọ wo àpótí iná tó wà nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

"Bàbá, iná dára. Òkè ni. Ohun tó ń léfòó nínú àgbá, tó ń sọ fún pọ́ǹpù pé kó tan, ló ti há. Ẹ gbé iṣẹ́ náà sórí mi, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì ránṣẹ́. Kò ju wákàtí kan lọ."

Mo sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé. Ibà ti gbé àgbà òṣìṣẹ́ náà dè, kò lè jáde nílé. Mo kọ iṣẹ́ náà sínú ètò, ètò sì dáhùn pé kò sí ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n. Ọ̀gá wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Baba, iṣẹ́ Idigny yẹn ńkọ́? Wọ́n ń pè mí."

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí. Mo ṣí ojú ìwé abúlé náà, mo sì fi àmì sí ọjọ́ èèwọ̀, ọjọ́ méjì léra wọn. Ibà ọ̀rẹ́ mi á ti lọ kó tó parí.

"Èèwọ̀ wọn ni," mo ní.

"Ó dára. A ò lè bá wọn jà," ló ní, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi ń kọjá ní abúlé náà lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Àwọn obìnrin tó gbé abọ́ òfìfo sílẹ̀ nídìí ṣàtó dá a dúró. Fóònù mi dún. Mo gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀gá sọ fún wọn pé èèwọ̀ wọn ni kò jẹ́ ká wá. Wọ́n ní kí n bi yín léèrè. Wọ́n ní èèwọ̀ wo?"

Mi ò tíì dáhùn tí obìnrin kan fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Sọ fún bàbá yẹn pé ọjà là ń ná lónìí! Ṣé òun ló ń bá wa bọ òrìṣà wa ni?"

"Bóyá àwọn baba wa lọ bá a lójú àlá," òmíràn ní. "Kó bá wa bi wọ́n, ṣé wọ́n á bá wa pọnmi pẹ̀lú?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn kúrò láàárín wọn, títí ariwo ọjà fi jìnnà.

"Bàbá, ìwé ẹ̀rí mi. Ṣé ẹ kọ ọ́?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o gbé e wá."

Ó pa fóònù náà. Nígbà tó dé, ó wọlé láìkí mi, ó ṣí dúrọ́ọ̀ fúnra rẹ̀, ó mú ìwé náà, ó gbé e lọ sí iwájú ọ̀gá wa, ó sì sọ ohun tí àwọn obìnrin náà wí fún un. Ọ̀gá jókòó sórí àga mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ètò, ó sì pa àmì èèwọ̀ abúlé náà rẹ́. Orúkọ ọmọ mi jáde lójú ẹsẹ̀ fún iṣẹ́ Idigny. Ọ̀gá gbójú sókè.

"Baba," ló ní. "Ẹ̀yin?"

Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan kò lè fi àmì sí ọjọ́ èèwọ̀ mọ́; ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ pe abúlé náà kó tó dúró. Mo pe baálẹ̀ fúnra mi láti tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ mi tán. "Ọjọ́ èèwọ̀ wa kò lẹ́sẹ̀," ló sọ. "Kì í rìn kiri."

Ní ilé, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ni ọmọ mi ti bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gun ṣàtó náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, omi sì ti dé.

"Bàbá, ká ní ibà bàbá yẹn kò pọ̀ jù ni, ẹ̀ bá ti rán an gun òkè. Ṣé òun kò lọ́mọ tó ń retí rẹ̀ nílé ni?"

Mo gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń gbọn eruku rẹ̀ dànù.

Nígbà tí àyè ṣí ní ẹ̀ka wa ní Ṣábẹ, ó béèrè fún un, wọ́n sì fún un. Mo bá a di ẹrù. Mo fi oògùn ibà sí i, mo kọ bí a ṣe ń lò ó sára páálí rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ilé wa kò tóbi, síbẹ̀ ó ti wá fẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ìyẹ̀fun àgbàdo èèyàn méjì ni ọwọ́ mi ń bù, màá sì da ìdajì padà. Bó bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, á ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ara le?" Màá ní ara le. Á ní ó dára. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa méjèèjì á máa gbọ́ afẹ́fẹ́ lórí fóònù.

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń rí i. Bí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn. Bó bá parí, á di àwọ̀ ewé. Mo máa ń dé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ń ṣí ojú ìwé Ṣábẹ tí kò kàn mí, mo sì ń wo orúkọ kan títí yóò fi di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún.

Láìpẹ́ yìí, ṣàtó kan lápá Kpankou ń jò. Ọ̀rẹ́ mi ti fi òkè sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́. Mo kọ iṣẹ́ náà sínú ètò: ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ òkè, bẹ́líìtì, okùn méjì. Ètò gbé orúkọ ọmọ mi wá láti Ṣábẹ. Ìka mi dúró lórí "gbà á." Àpótí ọjọ́ èèwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣófo. Abúlé yẹn kò ní èèwọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mo tẹ "gbà á."

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti gba bẹ́líìtì ní yàrá irinṣẹ́. Ó ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Mo tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì: mo wo ibi tí wọ́n ti rán bẹ́líìtì, mo wo ìkọ́, mo wo okùn kìíní, mo wo okùn kejì. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má pè mí o. A kì í gbé fóònù lókè. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí i."

Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó mọ̀ pé mo ń wo orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Mo jókòó. Orúkọ rẹ̀ pọ́n. Ẹnì kan gbé tíì wá fún mi, ó tutù síbẹ̀. Ẹnì kan pè láti Idigny nípa pọ́ǹpù. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, nítorí mi ò gbọ́ ọ. Ọ̀sán ti ń yẹ̀ nígbà tí orúkọ náà di àwọ̀ ewé. Mo tú èémí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó kọ nǹkan sí ibi tí òṣìṣẹ́ ń kọ àkíyèsí sí:

"Jíjò ti dáwọ́ dúró. Okùn kejì tó wà nínú àpò ti gé nínú, létí ìkọ́. Mi ò lò ó. Mo lo tèmi tí mo gbé wá láti Ṣábẹ. Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn."

Kò padà wá sí Kétu. Ọ̀nà Ṣábẹ ló gbà, ó sì fi àpò rán alálùpùpù kan sí mi. Mo yọ okùn náà. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mo ká a po láàárín ìka mi, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó ń gun òkè, ohun tí èmi kò kọ́ rí, ni awọ rẹ̀ bá lanu, tí fọ́nrán inú rẹ̀ hàn, funfun, ó ti gé ju ìdajì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ojú mi kọjá lórí rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ló rí i.

Lẹ́yìn náà mo so páálí pupa mọ́ ọn, mo ṣí ojú ìwé irinṣẹ́, mo kọ ọ́ pé kò ṣeé lò mọ́, mo kọ ọjọ́ náà bó ṣe rí gan-an. Ètò náà béèrè ẹni tó rí àbùkù rẹ̀. Mo kọ orúkọ ọmọ mi síbẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tẹ̀ ẹ́ wọlé.