Táyà Kékeré Tó Jẹ́ Kí N Lè Kúnlẹ̀

Láti ìgbà tí àìsàn ti sọ ẹsẹ̀ òsì mi di ọ̀lẹ, gbogbo ènìyàn ló ń bá mi wá ẹni tí yóò ra alùpùpù mi. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ tà á. Òun ló ń gbé èmi àti aṣọ tí mò ń tà lọ sí ọjà Dantokpa, n kò fẹ́ kí zẹ̀mìjáàn kankan tó ń fi alùpùpù kérò máa pinnu ìgbà tí mo máa dé ìsọ̀ mi. Alágídí ni mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ní kí n tà á, èmi ni mo sì fún wọn ní ìdí. Iná pupa dá mi dúró ní Ganhi lọ́jọ́ kan, mo bá rí wọn létí títì. Ta ni yóò jókòó sórí alùpùpù kí ìyá ọkọ? Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá kí n lè sọ̀ kalẹ̀ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kọ̀ mí sílẹ̀. Èmi, alùpùpù àti ẹrù aṣọ, gbogbo wa la jọ kí wọn nílẹ̀.

"Ìkíni yìí ni yóò pa ọ́," ni wọ́n wí bí wọ́n ti ń gbọn iyanrìn lára mi. "Tà á."

N kò tà á. Mẹkáníìkì kan ní Fidjrossè ló bá mi so táyà kékeré méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí mo bá ń sáré, wọn á ká sókè. Bí mo bá fẹ́ dúró, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì kan, wọn á sọ̀ kalẹ̀, alùpùpù á dúró gbagidi láìjẹ́ pé mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn zẹ̀mìjáàn ní kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni mò ń gùn. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gùn ún lọ bá màmá ọkọ mi níwájú ilé wọn. Bí mo bá tún ṣubú lójú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo di ìjókòó mú, mo rọra sọ̀ kalẹ̀, mo sì kúnlẹ̀. Màmá kò wò mí rárá. Alùpùpù ni wọ́n ń wò. Wọ́n fọwọ́ tì í, kò mì.

"Dìde," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ.

"Gbé mi dé Dantokpa."

Níbi iná pupa, táyà kékeré balẹ̀. Zẹ̀mìjáàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Màmá yíjú sí i.

"Ìyàwó mi ló ń gbé mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì di ìbàdí mi mú ṣinṣin. Omi kún ojú mi débi pé n kò tètè mọ̀ pé iná ti yí padà.